Ọwọ́ Ta Ló Kọ Káàdì Ọlánípẹ̀kun?

Lọ́ńdọ̀nù,
9 Oṣù Kejì, 1997.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú òtútù. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé orúnkún yín ò yọ yín lẹ́nu jù nínú ọyẹ́ yìí? Mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi kí ẹ tó dáhùn, torí ó ti pé oṣù méje tí mo kọ lẹ́tà gbẹ̀yìn. Ẹ bú mi, ẹ̀bi mi ni. Bí ẹ bá bú mi tán, kí ẹ wá ka ìyókù.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó gba gbogbo àkókò mi ni ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí prójẹ́ẹ̀tì kọ̀m̀pútà. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀m̀pútà o. Bí èèyàn ṣe ń kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni: kí la fẹ́ ṣe, ta ni yóò ṣe é, ìgbà wo ni yóò parí, kí ló lè bà á jẹ́. Tíṣà wa, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tó ni ín kì í parí, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni yóò jíhìn nígbà tó bá parí. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, orúkọ èèyàn kan ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ orúkọ náà. Adéjàre ni.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ agbègbè wa níbí ti rí kọ̀m̀pútà mẹ́fà gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń kó lọ sí ibòmíràn. Wọ́n fẹ́ fi ta ọsibítù Òkukù lọ́rẹ, ọsibítù tí ẹ fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe akọ̀wé káàdì fún kí wọ́n tó lé yín bí ajá. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò darí iṣẹ́ náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń retí èsì yín.

Ọmọ yín,
Túnráyọ̀.


Inísà,
16 Oṣù Kẹta, 1997.

Túnráyọ̀, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ìkíni rẹ. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Oṣù méje ni mo fi ń rán Eyínfúnjowó, àbúrò bàbá rẹ, lọ wo àpótí lẹ́tà rẹ̀ ní Ìkìrun, débi pé bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á ti máa mi orí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó ló ka lẹ́tà náà sí mi létí, torí náà òun ti mọ̀. Ojú mi ò ríran sún mọ́ ìwé mọ́. Wo bí mo ṣe ń kọ èyí ní lẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀, bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí o bá mọ ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi awò ojú rán an sí mi, èyí tí wọ́n fi ń kàwé.

Nígbà tí Eyínfúnjowó dé ibi prójẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn, mo ní ilé lo fẹ́ kọ́. Mo ti ń wo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé bàbá mi, mo ti ń ro ibi tí fèrèsé á kọjú sí. Òun ló ní kì í ṣe ilé. Ó wá ka ibi ọsibítù Òkukù, mo ní kó tún un kà. Àwọn tó lé mi lo fẹ́ kó kọ̀m̀pútà fún?

Ó dà bíi pé o ti gbàgbé, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọdún 1987 ni wọ́n gbé Ọlánípẹ̀kun, ọmọ agboolé Alágbẹ̀dẹ ní Inísà níbí, wá sí ọsibítù. Kò lè sọ̀rọ̀. Òkukù lèmi ń gbé nígbà náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e wá, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo wá káàdì rẹ̀ títí, mi ò rí i. Dókítà ò lè dúró. Wọ́n kọ káàdì tuntun, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ọ̀hún gan-an sì ni ara rẹ̀ ò gbà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó àbúrò rẹ̀ yẹn, wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ọsibítù pé òun ti mú un wá ní ọdún méjì ṣáájú, pé ojú òun ni wọ́n ṣe kọ káàdì, ojú òun sì ni dókítà ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ gún un ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Adéjàre, ọ̀gá yàrá káàdì, wá dìde. Ó ní bí káàdì bá ti wà tí a ò sì rí i, èmi ni mo gbé e pamọ́. Ó ní ìṣe mi ni, pé mo máa ń gbé káàdì èèyàn pamọ́ títí wọ́n á fi fún mi ní nǹkan. Túnráyọ̀, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn rí. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n Adéjàre ló jókòó sórí àga mi.

Láti ìgbà náà, Àtọ́kẹ́ Agbékáàdì ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo padà wá sí Inísà, ilé mẹ́rin ló wà láàárín èmi àti agboolé Alágbẹ̀dẹ. Bí Abọ́sẹ̀dé bá rí mi, á tutọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń tutọ́, itọ́ ò tán lẹ́nu rẹ̀. Oore wo lo wá fẹ́ ṣe fún wọn?

Èmi ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.


Lọ́ńdọ̀nù,
20 Oṣù Kẹrin, 1997.

Màámi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde tó kọjá. Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìkìrun ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìyá mi pa èèyàn. Oore kọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀san ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tò ó. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí a kọ ohun tí iṣẹ́ wà fún sílẹ̀ kedere, kí a sì kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tirẹ̀ kún un lẹ́yìn. Mo kọ ọ́ fún ọsibítù pé gbogbo káàdì láti 1980 ni wọn yóò tẹ̀ sínú kọ̀m̀pútà, èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀, èyí tó wà nínú àpò, èyí tí eku ti jẹ létí. Wọ́n ní ṣé kò tó kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ní kò tó. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, àyè kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ akọ̀wé tó kọ ọ́ sí. Akọ̀wé márùn-ún péré ló ti ṣiṣẹ́ ní yàrá yẹn, wọ́n mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara wọn. Bí wọ́n bá ti tẹ káàdì kan, tí wọ́n fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́, èmi tí mo ṣe òfin náà ò lè pa á rẹ́.

Káàdì ò ní ẹsẹ̀, Màámi. Bí ti Ọlánípẹ̀kun bá wà níbi tí Adéjàre fi í pamọ́ sí, wọ́n á kàn án. Bó bá sì jẹ́ pé ó ya á, nọ́ńbà rẹ̀ á fò, a ó rí àyè rẹ̀.

Adéjàre fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe ẹni tó ni iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Òun ló fọwọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, òun ni yóò fọwọ́ sí òpin. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ yí nǹkan padà láàárín, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó kọ ìdí rẹ̀, kí Adéjàre fọwọ́ sí i, kó má lè sọ lọ́la pé òun ò mọ̀. Ó ti dá ìwé àkọ́kọ́ padà. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé inú òun dùn púpọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń dá rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi dìde.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n Oṣù Kejìlá la ó ṣí i, mo sì ń bọ̀ wálé. Níwájú ìgbìmọ̀, níwájú ará Inísà àti Òkukù, èmi ni màá tẹ orúkọ Ọlánípẹ̀kun. Ohun tó bá jáde, Adéjàre ni yóò kà á sókè. Ojú èèyàn ló ti lé yín. Ojú èèyàn náà ni yóò ti lọ.

Túnráyọ̀ yín.


Inísà,
25 Oṣù Karùn-ún, 1997.

Àjíkẹ́ mi,

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Mo ní kí Eyínfúnjowó ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó kà á tán, mo sọ pé ó ń ṣe mí bíi kí n jó, ó ní kí n rọra, orúnkún mi. Mo rò pé òtútù ibẹ̀ yẹn ti mú ọ gbàgbé mi. Mo dárí oṣù méje jì ọ́.

Adéjàre ṣì ń gbé àga síwájú ilé rẹ̀ ní Òkukù lọ́sàn-án Sátidé, ó sì máa ń fi ìwé ìròyìn bojú bí mo bá ń kọjá lọ sọ́jà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni mò ń gbà. Mo sì ń kí i. "Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́ kọ̀m̀pútà." Lánàá, ó sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi títí mo fi yà. Kò mọ ohun tí mò ń kí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nígbà tó bá fẹ́ ka ohun náà sókè lọ́jọ́ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n gbé àga fún un. Kó wà lórí ìdúró. Èmi náà wà lórí ìdúró fún wákàtí mẹ́ta.

Awò mi dà?

Ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.


Lọ́ńdọ̀nù,
13 Oṣù Keje, 1997.

Màámi,

Ẹ kú òjò. Awò yín wà lọ́wọ́ Peace, ọmọ Bàbá Bọ́ládélé, Eyínfúnjowó tiyín. Ó ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ má fi etí ìró nù ún.

Àwọn kọ̀m̀pútà ti dé Òkukù. Ọ̀kan fọ́ lọ́nà, márùn-ún ń ṣiṣẹ́ bí NEPA bá gbà. Wúrà, obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé ní Òṣogbo, ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: kí wọ́n kọ́kọ́ to káàdì, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tẹ ọgọ́rùn-ún wò bóyá ó dáa kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Èyí tó bá pẹ́ á fa èyí tó tẹ̀lé e sẹ́yìn. Títò yẹn ló ń pẹ́ báyìí, mi ò mọ ohun tó dé.

Mo fi ìwé iṣẹ́ náà han tíṣà mi. Ó yìn ín. Ó wá fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan pé, "Àwọn tó ń jókòó síwájú akọ̀wé ńkọ́? Ta lo bi nínú wọn? Kí ni wọ́n máa ń sọ?" Mo ní mi ò bi ẹnikẹ́ni, pé kò sí ohun tí wọ́n ń sọ ju orúkọ lọ. Ó wò mí. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò bi àwọn tí yóò lò ó léèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń ṣe, ó ní tinú rẹ̀ tó ń lé. Ta ló sọ fún un?

Kò kàn án. Kí Oṣù Kejìlá ṣáà ti dé.

Túnráyọ̀.


Inísà,
31 Oṣù Kẹjọ, 1997.

Àjíkẹ́,

Peace mú awò dé láyọ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo rí i pé ògiri ilé mi dọ̀tí, mo sì rí i pé Eyínfúnjowó ti darúgbó. Èmi ni mo ń dá ka lẹ́tà rẹ báyìí. O ṣeun, ọmọ mi. Ojú rẹ náà ò ní fọ́.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wúrà wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti dúró, káàdì ti dà rú, àwọn àtijọ́ ò tẹ̀lé ara wọn, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó láyé ijọ́un. Mo ní kí ó lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló rán òun. Adéjàre ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó mọ yàrá yẹn bí Àtọ́kẹ́.

Mo jẹ́ kó jókòó fún wákàtí kan kí n tó fèsì. Mo lọ bu omi, mo padà dé, mo gbálẹ̀, mo tún padà dé. Lẹ́yìn náà mo ní mo gbọ́. Ọ̀la ni n ó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni n ó fi ọwọ́ ara mi hú u jáde níbi tó sin ín sí.

Ìyá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
21 Oṣù Kẹsàn-án, 1997.

Màámi,

Mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ yàrá yẹn. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ jáde. Ẹ ò rí i pé pańpẹ́ ni? Bí káàdì náà bá jáde nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, Adéjàre á ní ẹ̀yin lẹ gbé e wá láti ilé, pé abẹ́ ẹní yín ló ti wà fún ọdún mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi rán Wúrà.

Ká ní tẹlifóònù Ìkìrun ń ṣiṣẹ́ ni, ǹ bá ti pè yín. Mi ò lè dúró de lẹ́tà. Mo fi fáàsì, ẹ̀rọ tó ń gbé ìwé dé lójú ẹsẹ̀, kọ̀wé sí alága ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Mo ní Adéjàre mọ nǹkan nípa káàdì kan tó sọnù ní 1987, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní yàrá yẹn títí di ọjọ́ ìṣíde. Màámi, ẹ jáde níbẹ̀.

Túnráyọ̀.


Inísà,
28 Oṣù Kẹsàn-án, 1997.

Túnráyọ̀,

Mo ti rí káàdì Ọlánípẹ̀kun.

Má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni títí n ó fi tún kọ sí ọ. Jọ̀wọ́. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ lónìí.

Ìyá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
19 Oṣù Kẹwàá, 1997.

Màámi, Màámi,

Mo ń jó nínú ilé ìdáná bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ní mo sọ ọ́. Ọdún mẹ́wàá. Ibo ló wà? Ọwọ́ ta ló kọ ọ́? Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ ni àbí inú àpótí rẹ̀? Kí ló dé tí lẹ́tà yín fi kúrú tó bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń túfọ̀?

Ẹ ní kí n má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, mo ti kọ kí tiyín tó dé, alága sì ti fèsì. Wọ́n ti ní kí Adéjàre lọ jókòó sílé. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe gba tiyín gan-an. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ńṣe ló mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ kọ ohun gbogbo sí mi. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀.

Túnráyọ̀ yín.


Inísà,
9 Oṣù Kọkànlá, 1997.

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ la máa ń fi to káàdì láyé ijọ́un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti A. Ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo wà níbẹ̀, mo mú káàdì kan tó ti pọ́n, Wúrà ń dúró kí n kà á fún un. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Adúmáradán, agboolé Alágbẹ̀dẹ, Inísà. Mo wo inú rẹ̀. Dókítà ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ yẹn. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, 17/7/85. Méje méjèèjì ní ìlà kékeré tó dábùú wọn láàárín. Èmi nìkan ló ń kọ méje bẹ́ẹ̀ ní yàrá káàdì, olùkọ́ àgbà wa ní Ìkìrun ló fi pàṣán kọ́ wa. Mo bọ́ awò. Mo nù ún. Mo tún wọ̀ ọ́.

Ọwọ́ mi ni, Túnráyọ̀. Èmi ni mo kọ káàdì náà, èmi ni mo fi í sí A. Ní 1987, àbúrò rẹ̀ pe Ọlánípẹ̀kun fún mi, mo wá a títí ní Ọ. Kò lè sí níbẹ̀ láéláé.

Mo lọ sí agboolé Alágbẹ̀dẹ. Ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Abọ́sẹ̀dé ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í pé kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú. Ó ní, "Ọkọ mi àgbà? Adúmáradán ni mò ń pè é." Mo ní ṣé ohun tó sọ fún akọ̀wé ní 1985 nìyẹn. Ó ní, "Kí ni ǹ bá sọ? Ṣé kí n wá la ẹnu pe orúkọ ẹni tó wà nílé kí n tó délé ọkọ ni?" Ó ti kú fún ọdún mẹ́wàá, kò sì tíì pe orúkọ rẹ̀. Mo gbé káàdì sí i lẹ́sẹ̀, mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. A jókòó bẹ́ẹ̀, èmi àti òun. Kò tutọ́.

Màá sọ èyí tó dùn mí jù fún ọ. Èmi tí mo ti ń pe àbúrò bàbá rẹ ní Eyínfúnjowó láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, tí mi ò pe Bọ́ládélé rí àfi bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí, èmi ni mo gbọ́ Adúmáradán lẹ́nu ìyàwó ilé, tí mo kọ ọ́ bí ẹni kọ orúkọ. Ẹlòmíì ì bá bi í. Létí tèmi, orúkọ ni. Mi ò sì rántí ọjọ́ náà rárá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo máa ń kọ lóòjọ́.

Adéjàre ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.


Lọ́ńdọ̀nù,
30 Oṣù Kọkànlá, 1997.

Màámi,

Mo ka lẹ́tà yín, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́la ni mo fi èyí rán, kó lè tètè dé.

Ẹ sun káàdì náà. Ẹ jù ú sínú iná, kí ẹ dúró tì í kó jó tán. Abọ́sẹ̀dé ò mọ̀wé, ohun tí ẹ bá sọ fún un lẹ sọ. Bí nọ́ńbà náà bá fò, èmi ni màá dúró níwájú wọn, tí màá ní ẹ wò ó, ẹnìkan yọ ọ́, ta ló sì ni kọ́kọ́rọ́ láti 1987?

Ẹ má sọ fún mi pé kò dáa. Ṣé Adéjàre ò purọ́ mọ́ yín ni? Ó ní ẹ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí àga yín. Mi ò fi ọdún kan gbáko kọ́ iṣẹ́ yìí, mi ò fi oorun mi ṣòfò, kí n wá dúró níwájú gbogbo ìlú kí n ka orúkọ ìyá mi sókè. Tíṣà yẹn sọ fún mi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ̀yin gan-an ni mi ò bi. Ká ní mo bi yín pé kí ni àwọn ìyàwó ilé máa ń sọ ní iwájú yín. Inú ló ń bí mi, mi ò ráyè bi yín.

Ẹ sun ún. Mo kúnlẹ̀.

Túnráyọ̀.


Inísà,
21 Oṣù Kejìlá, 1997.

Àjíkẹ́, ọmọ Àtọ́kẹ́,

Lẹ́tà yìí ò ní kọjá Ìkìrun. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ lọ́dọ̀ Eyínfúnjowó, kí o kà á kí o tó wọ mọ́tò sí Inísà. Mo kí ọ káàbọ̀. Mo ti gbálẹ̀ ilé, mo ti fọ ògiri.

Tìrẹ pẹ́ kó tó dé. Mo ti tẹ káàdì náà, Ọlánípẹ̀kun ni mo fi síbi orúkọ, mo tẹ Adúmáradán tẹ̀lé e. Èmi ni mo fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́, ìka kan, ìka kan. Nígbà tó kan ibi orúkọ akọ̀wé, Wúrà dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Mà, bí a bá fọwọ́ sí i báyìí, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́ o." Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi ló ṣòfin náà. Mo tẹ Àtọ́kẹ́.

Má ronú pé mo ti di ẹni mímọ́. Inú ń bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀bi Ọlánípẹ̀kun jẹ́ tèmi, n ó rù ú, mo sì ti lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, mi ò sì gbé káàdì ẹnikẹ́ni pamọ́. Èyí tí Adéjàre sọ yẹn, irọ́ ni, kò sì tíì kó o jẹ.

Torí náà mo ka àwọn òfin tí o kọ sí mi, mo lo awò sí wọn. O ní ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún iṣẹ́ yìí, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó kọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ni iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ nígbà tó wá sí Òkukù, mo ní kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ Adéjàre padà fún un níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì dá a padà, torí òun ló ni iṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé ìwé tèmi fún un. Mo ní kí wọ́n fi àyè kan kún káàdì kọ̀ọ̀kan: orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é. Níbi ìdí, mo kọ ọ́ pé káàdì Ọlánípẹ̀kun wà nínú yàrá láti ọjọ́ yìí, pé Àtọ́kẹ́ ló ṣì í fi síbi tí kò yẹ, pé kò gbé e pamọ́, àti pé ẹni tó jẹ́rìí pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn purọ́ mọ́ ọn. Mo fọwọ́ sí tèmi.

Adéjàre kà á. Ó ní àyè orúkọ yẹn dára, òun á fọwọ́ sí i, kí n ṣáà yọ ìdí kúrò. Mo ní kò ṣe é yọ, òfin ni. Ó wá ní òun á rò ó. Mo ní kó máa rò ó, èmi fi ọdún mẹ́wàá ro tèmi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, tẹ Ọlánípẹ̀kun bí o ṣe ní o máa ṣe. Ìwọ ni kí o ka orúkọ mi sókè, má jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀. N ó dìde kí gbogbo wọn rí mi, Abọ́sẹ̀dé ní òun á jókòó tì mí. Bí o bá kà á tán, gbé ìwé náà fún Adéjàre níwájú gbogbo ìlú, fún un ní bírò, kí o sì dúró. Má sọ nǹkan kan. Bó pẹ́ títí, dúró.

Iwájú ni n ó jókòó sí. Mo ti nu awò mi.

Ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.